Ìgbìmọ̀ Afìdí-Ìrora-Múlẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ìtàn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde ná. Ọnárébù Ọláyíwọlá ń wọlé bọ̀, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà níjòókòó kí òun tó jókòó. Ẹ ní sùúrù pẹ̀lú, torí kì í yára rìn. Akọ̀wé rẹ̀, Túnmiṣe, ló máa kọ́kọ́ yọjú. Yóò wúkọ́, yóò wo ọ̀tún wo òsì, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè ọ̀gá rẹ̀ jáde bí ẹni ń pe orúkọ àwọn tó yege ìdánwò: "Ọnárébù, Dókítà, Ẹnjiníà, Olóyè Ọláyíwọlá, Baba Àwọn Ọmọ, Alága Wa Àtàtà." Yunifásítì kan tí kò ní kíláàsì, tí kò sì ní akẹ́kọ̀ọ́, ló fi oyè dókítà yẹn dá a lọ́lá nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan. Ti ẹnjiníà, a ò tíì mọ ibi tó ti rí i. Ó dára, ó ti jókòó. Ẹ lè jókòó.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, àmọ́ ó ti pẹ́ ní Ìlọrin. Lẹ́yìn ìbò tó kọjá, ohun tó ń retí ni pé wọ́n á fi òun ṣe kọmíṣọ́nà iṣẹ́ òde, kí òun máa ṣí afárá, kí òun máa gé rìbọ́nì. Ó tiẹ̀ ti ra àlùmọ́gàjí tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá pín ipò tán, ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́: Alága Àjọ Ìlera Ọmọ Ilé-Ìwé. Wọ́n fi í síbẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé kan nítòsí Post Office, níbi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn báńkì ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ó gba ipò náà bí ẹni gba adé. Ó ní kò sí ipò kékeré, ẹni kékeré ló wà. Túnmiṣe ní òun kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ rí láyé òun, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣèpàdé, obìnrin kan tó ń bójú tó ìlera ní àwọn ilé-ìwé dìde, ó kí i dáadáa, ó ní, "Ọ̀gá, ohun tó ń dà wá láàmù jù ni ti nǹkan oṣù àwọn ọmọbìnrin. Inú máa ń run àwọn kan débi pé wọn ò ní lè dìde. Ẹ̀jẹ̀ àwọn mìíràn a sì máa pọ̀ jù. Oṣooṣù ni wọ́n ń pa ilé-ìwé jẹ. A nílò omi ní ilé ìyàgbẹ́ wọn, a sì nílò nọ́ọ̀sì."

Ọnárébù gbé ife omi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí lẹ pè é?"

"Nǹkan oṣù, sà."

"Níwájú mi?"

Túnmiṣe gbọn orí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

"Ẹ gbọ́ mi," ni Ọnárébù wí. "Èmi tí mo ti bá gómìnà jẹun lórí tábìlì kan náà, èmi tí wọ́n ti pè sórí pèpéle láìmọye ìgbà, wọn kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí mi létí. Láti òní lọ, nínú àjọ yìí, a ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́. Àlámọ̀rí la ó máa pè é."

"Àlámọ̀rí," ni Túnmiṣe wí, omijé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀gá, irú ọpọlọ yín yìí, ó yẹ kí ìjọba máa fi ọlọ́pàá ṣọ́ ọ."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ omi àti nọ́ọ̀sì ṣe parí lọ́jọ́ náà. Páìpù tí wọ́n fẹ́ fà dé ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin, Ọnárébù ní ó lè dúró, pátákó ìpolówó ni kò lè dúró. Láàárín oṣù kan, pátákó ti wà káàkiri Ìlọrin, àwòrán Ọnárébù ló gba gbogbo rẹ̀, tòun ti fìlà, tòun ti ẹ̀rín. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: ÀLÁMỌ̀RÍ KÌ Í ṢE ÀÌSÀN. Ní ọjà Ipata, níbi tí kẹ̀kẹ́ Maruwa àti ọkọ̀ àjàgbé ti ń há mọ́ra wọn, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè irú ẹ̀yà tí Àlámọ̀rí jẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà. Obìnrin oníṣu kan ní ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ jọ ti olóòótọ́, òun kò ní dìbò fún un.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà tẹ́ Ọnárébù lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ṣì ń pa ilé-ìwé jẹ. Ó ti lẹ pátákó mọ́ gbogbo ìta, inú wọn sì tún ń run wọ́n. Ó kà á sí ìwọ̀sí. Ó ronú jinlẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀, láti Post Office títí dé ilé, ó sì rí i pé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀: àwọn ọmọ náà ń díbọ́n ni. Ló bá pe àwọn oníròyìn.

"Ìrora tí kò ní ẹ̀rí," ni ó wí, ó sì dánu dúró kí wọ́n lè yà á ní fọ́tò, "ìrora àfẹnusọ lásán ni. Ìjọba kò lè máa gba ìrora gbọ́ bí ẹni gba àlejò tí kò mọ̀ rí sílé. A gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. A gbọ́dọ̀ bi í léèrè ibi tó ti wá àti ìdí tó fi wá. Nítorí náà, mo dá Ìgbìmọ̀ Afìdí-Ìrora-Múlẹ̀ sílẹ̀ lónìí. Ọmọbìnrin kankan kò gbọdọ̀ fi kíláàsì sílẹ̀ nítorí Àlámọ̀rí, àyàfi tí ìgbìmọ̀ bá ti fọwọ́ sí ìrora rẹ̀."

Ọjọ́rú, tí àwọn ará ilé wa ní Ìlọrin ń pè ní Àlàrùbá, ni ìgbìmọ̀ náà yóò máa jókòó. Oníròyìn kan béèrè pé tí inú bá wá ń run ọmọ lọ́jọ́bọ̀ ńkọ́. Ọnárébù ní kí ó ní àmúmọ́ra títí di Ọjọ́rú, ìyẹn gan-an á kọ́ ọ ní ìwà. Àwọn mẹ́ta ló wà nínú ìgbìmọ̀: Ọnárébù fúnra rẹ̀, Túnmiṣe, àti baba kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá, tó gbà pé kò sí àìsàn tí eré sísá kì í wò. Ẹ óò ti ṣàkíyèsí pé kò sí obìnrin níbẹ̀. Ọnárébù ní obìnrin á ṣe ojúsàájú.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀, ká lọ sí àdúgbò Ṣàngó.

Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sadiya, ó wà ní ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin. Alfa Abdulhaleem tó ní ilé-kéwú ní àdúgbò ni bàbá rẹ̀. Salimat ìyá rẹ̀ ń ránṣọ. Orí Sadiya pé sí ìṣirò gan-an, òun ni wọ́n sì yàn pé kó lọ ṣojú ilé-ìwé wọn nínú ìdíje ìṣirò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù ni ó ti ń jìyà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá bọ̀rọ̀. Páàdì kì í pẹ́ kó tó rin, torí náà ìyá rẹ̀ máa ń ká àjákù aṣọ lé e lórí fún un. Súwẹ́tà ló máa ń so mọ́ ìdí nínú oòrùn ọ̀sán. Tó bá gun àtẹ̀gùn kíláàsì, ó ní láti dúró di ògiri mú kí ojú rẹ̀ tó là.

"Fara dà á," ni Salimat máa ń wí. Kì í fi ìkanra sọ ọ́. Yóò máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ó ti ń sọ ọ́. "Bó ṣe ṣe mí náà nìyẹn. Bó ṣe ṣe ìyá mi náà nìyẹn. Bí tilé wa ṣe rí nìyẹn. Tó o bá délé ọkọ, tó o bímọ, á rọlẹ̀."

Arábìnrin Morẹ́nikẹ́ tó ń kọ́ wọn ní bàọ́lọ́jì kò gbà pé ó máa rọlẹ̀. Ó ti rí i pé àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà ti funfun. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tún dé tí kò dá, ó fẹ́ mú un lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé bẹ̀ ẹ́ pé kó má kó bá àwọn. Ìgbìmọ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́rú, kó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí ọmọ náà.

Ìgbìmọ̀ dé lóòótọ́. Wọ́n tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sórí tábìlì ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, wọ́n to omi inú ọ̀rá àti bisikíìtì síwájú wọn. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ló kọrin kí Ọnárébù káàbọ̀. Orin náà ní ẹsẹ púpọ̀, Túnmiṣe ló kọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pe Sadiya wọlé, òun àti Arábìnrin Morẹ́nikẹ́.

"Ọmọ mi," ni Ọnárébù wí, "ṣé ìwọ lo ní Àlámọ̀rí?"

Sadiya kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Sadiya lorúkọ mi, sà."

"Mo mọ̀. Mo ní ṣé Àlámọ̀rí ń dà ọ́ láàmù?"

Sadiya wo ojú olùkọ́ rẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Kò sí ní kíláàsì wa."

"Nǹkan oṣù rẹ ni wọ́n ń béèrè," ni Arábìnrin Morẹ́nikẹ́ wí.

Ọnárébù fi ìka di etí méjèèjì. Nígbà tó yọ wọ́n, ó ní, "Ọmọ mi, ṣàlàyé ìrora náà fún ìgbìmọ̀. Ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Àmọ́, o ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀yà ara kankan."

Ọmọ náà rò ó díẹ̀. "Ó ń dùn mí, sà."

"Níbo?"

"Ẹ ní n má dárúkọ rẹ̀, sà."

Baba eléré ìdárayá fa ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. "Ṣé ó máa ń sáré?"

"Tẹ́lẹ̀, sà. Mi ò lè sáré mọ́."

"Òun nìyẹn. Kó máa sáré. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo fẹsẹ̀ rọ́. Mo sáré lórí rẹ̀ títí ó fi san." Ìgbà tí baba yìí dìde láti lọ tọ̀ la rí i pé ó ń tiro, títí di òní.

"Kì í ṣe ìrora náà ló ń bà mí lẹ́rù jù, sà," ni Sadiya wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ náà ni. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan, kò dá. Tí mo bá dìde, ilẹ̀ á máa yí. Mo rò pé mo ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ ni, mi ò wulẹ̀ fẹ́ sọ fún màmá mi."

Ẹni tó bá ní etí ì bá dákẹ́ níbẹ̀, kó sì dìde. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ nìkan ni Ọnárébù gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì kéde pé kí ìgbìmọ̀ sinmi díẹ̀. Wọ́n jáde, wọ́n mu omi, wọ́n jẹ bisikíìtì. Nígbà tí wọ́n padà, Túnmiṣe dìde, ó gbé ohùn sókè.

"Ìgbìmọ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò tinú tẹ̀yìn. A gbà pé ìrora wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìrora náà kò tíì tó èyí tí ìjọba lè dá mọ̀. Kí ọmọ náà padà sí kíláàsì."

"Ọnárébù," ni Arábìnrin Morẹ́nikẹ́ wí, "ọmọ yìí ní láti rí dókítà."

"Dókítà ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ìyáàfin," ni Ọnárébù dáhùn, ó sì dìde fún fọ́tò.

Ọjọ́ kejì, nínú kíláàsì ìṣirò, Sadiya ń dìde láti lọ kọ ìdáhùn sójú pátákó, ló bá ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ ti rin bẹ́ǹṣì rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù dìde, wọ́n ń wo ara wọn, torí wọ́n ti gbọ́ pé a ò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni jáde láìsí àṣẹ. Arábìnrin Morẹ́nikẹ́ sáré dé láti kíláàsì kejì. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè àṣẹ. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ìdí ọmọ náà, ó sì gbé e pọ̀n bí ọmọ ọwọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Oníkẹ̀kẹ́ Maruwa tó kọ́kọ́ rí wọn sọ àwọn èrò rẹ̀ kalẹ̀ lójú kan náà. Kò dúró títí wọ́n fi dé ọsibítù.

Dókítà tó wà níbẹ̀, obìnrin ni. Ó ṣí ìpéǹpéjú Sadiya wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ lórí ìdúró. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti lọ sílẹ̀ débi tó ń bani lẹ́rù, wọ́n ní láti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Alfa Abdulhaleem dé láti ilé-kéwú, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tilẹ̀ bára mu. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí wọ́n tó bi í bóyá ó lè fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀. Salimat jókòó sórí bẹ́ǹṣì, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ojú ọmọ ti ń là, dókítà wá jókòó ti Salimat. "Ṣé bó ṣe máa ń pọ̀ fún ẹ̀yin náà nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà. Bí tilé wa ṣe rí nìyẹn."

"Tí wọ́n bá yọ eyín yín ńkọ́?"

Salimat wò ó. "Wọ́n yọ ọ̀kan rí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ bá a, ẹ̀jẹ̀ kò tíì dá."

"Màmá yín ńkọ́?"

"Ibi tí wọ́n ti ń bí àbúrò mi ni wọ́n ti pàdánù wọn. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dá."

Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé fún un pé ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dì bó ṣe yẹ, pé àìsàn ni, pé ó máa ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Àwọn máa fi àyẹ̀wò jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n ó lóògùn: èyí tí ọmọ náà á máa lò tí nǹkan oṣù bá dé kí ẹ̀jẹ̀ má baà pọ̀, àti èyí tó máa dá ẹ̀jẹ̀ padà sí i lára. Ó ní kí Salimat náà wá ṣe àyẹ̀wò.

"Mo rò pé bí obìnrin ṣe ń rí nìyẹn ni," ni Salimat wí. "Mo ń sọ fún un pé kó fara dà á. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún un." Ó fi ọwọ́ bo ojú, Alfa sì wá dúró tì í.

Kí lẹ rò pé Ọnárébù ṣe nígbà tó gbọ́? Ó ní kí wọ́n dá Arábìnrin Morẹ́nikẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ó gbé akẹ́kọ̀ọ́ jáde pẹ̀lú ìrora tí ìgbìmọ̀ kò fọwọ́ sí.

Ìlọrin kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ nílé, àwọn ìyá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù Salimat, oníkẹ̀kẹ́ sọ ọ́ ní gbogbo ibi tó gbé èrò lọ. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n ti fi èédú ìdí ìkòkò kun irùngbọ̀n sí àwòrán Ọnárébù ní Ṣàngó. Túnmiṣe gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ sórí rédíò. "Ẹ kàn bá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀gá. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn yín, gbogbo ẹ̀ á tán." Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ẹ̀ tán.

Ètò ọ̀sán ni. Abdulwaris, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń darí ètò náà, kí i káàbọ̀, ó sì lo gbogbo oyè rẹ̀ tán. Ọnárébù sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, nípa ìran tí Ọlọ́run fi hàn án, nípa pátákó. Ó ní láti ìgbà tí òun ti gorí àlééfà, ìrora ti dín kù ní gbogbo ìpínlẹ̀ Kwara, àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú ni wọ́n sì ń fi ọmọ kan ṣoṣo ba iṣẹ́ òun jẹ́. Abdulwaris wá ṣí ẹ̀rọ ìpè sílẹ̀ fún àwọn olùgbọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè, ìyá àgbà kan ni láti Ipata. "Ọnárébù, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ọlọ́run á túbọ̀ máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Nǹkan oṣù tèmi ti dáwọ́ dúró ó ti pẹ́, mo ti ní ọmọ-ọmọ. Ṣùgbọ́n mo jẹ ìrora nígbà yẹn, kò sì sí ìgbìmọ̀ tó bá mi fọwọ́ sí i. Ṣé ẹ lè bá mi fọwọ́ sí i báyìí, kí n fi hàn wọ́n tí mo bá délé Ọlọ́run?"

Ọnárébù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé ó ń yìn òun ni.

Ẹnì kejì ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Post Office. Ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́. "Ẹ káàsán, sà. Tèmi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Inú ń run mí gan-an, ó sì ń jáde ní dídì. Mo rí i pé Ọjọ́rú ṣì jìnnà. Ṣé ìgbìmọ̀ lè jókòó lórí fóònù?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lo Àlámọ̀rí," ni Ọnárébù wí, òógùn sì ti ń bò ó.

"Kí ni wọ́n fi ń ṣe é, sà? Ṣé wọ́n ń gbé e mì ni?"

Abdulwaris yí ojú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ẹnì kẹta ní, "A salaamu alaikum. Alfa Abdulhaleem ni mí, láti Ṣàngó. Ọnárébù, mo kí yín. Orí ọ̀rọ̀ kan wà nínú àwọn ìwé tí à ń kọ́ ní ilé-kéwú wa, lórí ẹ̀jẹ̀ obìnrin ló dá lé, èyí tó wá lákòókò àti èyí tó kọjá àkókò. Àwọn ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n wọn ò tíì hù máa ń kà á sókè níwájú mi. Kò sí ẹni tó di etí rí. Èmi ni bàbá Sadiya tí ẹ ní ìrora rẹ̀ kò tó. Ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n fà sí i lára kí ó tó lajú. Mi ò bá yín jà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ sọ fún mi: báwo ló ṣe yẹ kó tó?"

Ọnárébù ya ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ mọ̀ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Alfa dúró de ìdáhùn títí, ó sì kí wọn ó dìgbóṣe.

"Ẹlòmíràn tún wà lórí ìlà," ni Abdulwaris wí, kí ìdákẹ́jẹ́ náà má baà pẹ́ jù. "Ìyá wa kan láti Ọ̀mù-Àrán."

"Ọláyíwọlá," ni ohùn náà wí.

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ yẹn lásán, láìfi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. Ọnárébù nà ró lórí àga. "Mọ́mì?"

"Èmi ni. Mo ń gbọ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó o wà ní kékeré, ta ló máa ń gbé omi kaná fún mi ní oṣooṣù, tó máa ń gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi?"

"Mọ́mì, orí afẹ́fẹ́ la wà."

"Mo mọ̀. Àwọn ará àdúgbò jókòó tì mí, wọ́n ní kí n kí ẹ. Ta ni, Ọláyíwọlá?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ náà ni. O máa ń fi aṣọ bọ inú omi náà, wàá fún un, wàá gbé e lé mi nínú, wàá ní, 'Mọ́mì, ṣé ó ti ń lọ sílẹ̀?' O ò ju ọmọ kékeré lọ. Àwọn mélòó lo pè jókòó nígbà yẹn kó o tó gbà pé ó ń dùn mí?" Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Gba ilé ọmọ yẹn lọ, kó o bẹ̀ wọ́n. Kó o tó jẹun o."

Ọnárébù dìde. Ó gbàgbé pé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ wà létí òun, okùn rẹ̀ sì fà á padà, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Abdulwaris fi ìpolówó ọṣẹ sí i.

Ilé-kéwú ni ó bá Alfa. Ó lọ lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé gígùn kan nípa ètò ìjọba, Alfa sì gbọ́ ọ tán pẹ̀lú sùúrù, ó ní kó lọ sọ fún Sadiya fúnra rẹ̀. Lórí ẹní tí Sadiya jókòó sí, kò sí tábìlì, kò sí Túnmiṣe. Ọnárébù ní, "Má bínú, ọmọ mi." Sadiya ní òun ti gbọ́, sà. Kò sọ pé òun ò bínú.

Ó ti pẹ́ jù láti gba ipò là. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin tò láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ lókè, lórí àtẹ̀gùn, títí dé ìta Post Office: alájàpá láti Ipata, olùkọ́, òṣìṣẹ́ báńkì, aláboyún méjì tí wọ́n ní àwọn kàn wá bá wọn dúró. Kò sí ẹni tó pariwo. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè á ní òun wá fìdí ìrora òun múlẹ̀ ni. Ọkọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá. Baba eléré ìdárayá gba ọ̀nà ẹ̀yìn sá lọ, wọ́n sì ní ó sáré dáadáa. Nígbà tí ìròyìn dé ilé ìjọba, wọ́n gba Ọnárébù nímọ̀ràn pé kó kọ̀wé fipò sílẹ̀, kó ní ara òun kò yá. Túnmiṣe ló bá a kọ ọ́. Ọjọ́ kejì, ó ń kọ orin fún alága tuntun.

Alága tuntun tú ìgbìmọ̀ ká, ó sì pe Arábìnrin Morẹ́nikẹ́ padà síṣẹ́. Ti omi, wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ fún páìpù, wọn ò tíì ri páìpù. Sadiya ń lo oògùn rẹ̀, Salimat náà ń lo tirẹ̀. Ìdíje ìṣirò ti kọjá kí ara rẹ̀ tó yá. Ẹlòmíràn ni wọ́n rán lọ, ẹni yẹn kò gba ohunkóhun wálé. Àmọ́ Sadiya ń gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú, àwọ̀ ti padà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ọláyíwọlá wà nílé. Nígbà ìsinmi, ọmọ àbúrò rẹ̀, Tèmítọ́pẹ́, wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Adéọlá ìyàwó rẹ̀ yọjú láti yàrá ọmọ náà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ra páàdì wá. Èmi ń gbé omi kaná fún un."

Kò sí dẹ́rẹ́bà mọ́. Ó wọ bàtà, ó jáde lọ sí ilé ìtajà oògùn tó wà ní ojú títì. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló ń tajà, kò sì mọ ẹni tó jẹ́.

"Kí lẹ fẹ́ rà, bàbá?"

Ó súnmọ́ ọn, ó sọ nǹkan kan sínú.

"Mi ò gbọ́, sà."

Ó tún un sọ. Ọmọbìnrin náà na etí, ó gbọn orí.

"Páàdì," ni Ọláyíwọlá wí, ohùn rẹ̀ sì jáde ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ti nǹkan oṣù."

"Èyí tó ní ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, àbí èyí tí kò ní?"

Ó wò ó dáadáa bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀. Ó ti na ọwọ́ sókè síbi tí wọ́n tò wọ́n sí, ó ń dúró de ìdáhùn. Ọláyíwọlá rọra yíjú wo ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn ikọ́. Ìyá kan ń nu imú ọmọ rẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣe kíá, ọkọ̀ ń dúró de òun.

"Èyí tó ní ìyẹ́," ló wí, kò sì sí ẹni tó wo ojú rẹ̀.